Mo Sanwó Fún Ẹgbẹ́ Tó Ń Tọ́ka Ìpín Lórí Telegram: Ohun Tí Mo Rí Nìyí

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni sì ni méjèèjì, kì í ṣe ti ìpín ilé-iṣẹ́ (shares) tí wọ́n ní ká rà. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ ó san owó oṣù, wọn á fi yín sínú ẹgbẹ́, Ọ̀gá (bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é) á sì máa sọ ìpín tó yẹ ká rà ní NGX, ìyẹn ọjà ìpín Nàìjíríà tó wà l'Ékòó.

Láràárọ̀ kí ọjà tó ṣí, wọ́n máa ń túmọ̀ ìṣirò tí àwọn ilé-iṣẹ́ gbé jáde, iye èrè tí báńkì kan fẹ́ pín, àti ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti rà á kó tó lè jẹ nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí dáa gan-an.

Ibi èrè tí wọ́n ní àwọn ti jẹ ni wàhálà wà. Screenshot ni gbogbo ẹ̀: nọ́ńbà aláwọ̀ ewé gàdàgbà, wọ́n ti gé orúkọ kúrò, ọjọ́ tí wọ́n rà á kò sí níbẹ̀. Èrè 40% ti 2023 ni wọ́n fi ń yangàn jù. Ẹ dákun, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà NGX fi nǹkan bí 45.9% lọ sókè lọ́dún yẹn, ó tún fi nǹkan bí 37.65% lọ sókè ní 2024. Ọjà lásán ju Ọ̀gá lọ, kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Lórí Telegram, ìkéde kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní ìparí líǹkì rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀léra. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kì í padà wá. Mo wo ìkéde méjì tó tẹ̀léra: 418, lẹ́yìn náà 426. Òótọ́ ni pé àwòrán tí wọ́n kó jọ lè gba nọ́ńbà púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń kọ lọ́sẹ̀ yẹn. Àárín yẹn ni ìpín ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kan tó já wálẹ̀ wà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ní ká rà á.

Èyí tó tún bí mi nínú ni àwọn ìpín kéékèèké. NGX kì í sábà jẹ́ kí iye owó ìpín fi ju 10% lọ sókè tàbí wálẹ̀ lójúmọ́. Bí Ọ̀gá bá ti dárúkọ ìpín tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóǹtà, gbogbo wa á sáré sí i, ó di "full bid", ẹni tó fẹ́ rà kò ní rí ẹni tó máa tà á fún un. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹta tí títà bẹ̀rẹ̀, ta ló ń tà? Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò èrè wọn, iye ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rà ni wọ́n ń lò. Wọn kì í yọ owó alágbàtà náà.

Mo wá orúkọ wọn nínú àkójọ àwọn tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, fún níwèé àṣẹ, n kò rí i. Mo sì bẹ Ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi ìwé CSCS yín hàn wá? Ẹ lè bo orúkọ àti nọ́ńbà yín." Ilé-iṣẹ́ CSCS ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpín gbogbo wa, ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu lásán ni. Èsì tí mo gbà ni pé ẹni tó bá fọkàn tán àwọn kì í béèrè ìwé. Wọ́n sì dí mi lẹ́nu nínú ẹgbẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Obìnrin kan wà tí kì í gba kọ́bọ̀. Kó tó rà, á kọ orúkọ ìpín, ọjọ́ àti iye rẹ̀ síbi tí gbogbo wa ti ń rí i. Ìpín kan tó bá a jẹ́ gan-an ṣì wà níbẹ̀, ó fi àwọ̀ pupa kùn ún. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mò ń tẹ̀lé báyìí. Ti Ọ̀gá, mo ń ka ẹ̀kọ́ àárọ̀ wọn nìkan títí owó oṣù tí mo san yóò fi parí.