Nítorí Téèpù: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Àwọn Tó Háyà Lẹ́ǹsì Fún Mi

£25 ni wọ́n yọ nínú owó tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé mo fọ́ lẹ́ǹsì, kì í ṣe pé mo pẹ́ dá a padà. Nítorí téèpù ni. Téèpù funfun tí kò gùn tó ọmọ-ìka mi, tí àwọn fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Inú tó bí mi ni mo fi jókòó kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìbínú nìkan.

Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, Epsom ò sì jìnnà sí mi. Láti ọdún 1780 ni wọ́n ti ń sá eré Derby níbẹ̀. Ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta nìkan ló ń sá a, máìlì kan àbọ̀, pẹ̀lú yáàdì 6 bí ènì lórí rẹ̀. Fọ́tò tí mò ń lé ni èyí tí àwa onífọ́tò ń pè ní panning: kí n máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé ẹṣin bó ṣe ń sáré, kí ojú ẹṣin mọ́ kedere, kí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì di ìlà gbọọrọ. Mo ti ya ẹṣin rí ní Ojúde Ọba, n'Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ijó ni púpọ̀ nínú ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ń jó níwájú Awùjalẹ̀. Ṣọ́tà 1/500, ìyẹn kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá, ti tó fún ìyẹn. Ẹṣin Epsom kì í jó fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́ǹsì Canon 70-200mm ni mo háyà. Lẹ́ǹsì tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni ni, n ò ní máa ka àbùdá rẹ̀ yòókù fún yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan àbọ̀, èjìká mi ṣì rántí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó dé. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló dé, nígbà tí mo ti pè wọ́n nígbà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí àpótí, ẹnu mi wọhò. Wọ́n ti nu lẹ́ǹsì náà títí ó ń dán, wọ́n fi aṣọ ìnu-lẹ́ǹsì tuntun sí i, wọ́n tún fi aṣọ òjò tí n kò bèèrè kún un. Ìwé kan wà lórí rẹ̀: ẹni tó bá yọ lébẹ́ẹ̀lì wọn yóò san £25. Mo wo ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì. Téèpù funfun tí wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà sí ti bo gbogbo súwíìṣì. Mo ní ó dáa, òfin lòfin, n ò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró létí ọ̀nà lápá The Hill, níbi tí èèyàn ti ń wọlé láìsanwó. Ní apá ibẹ̀, láti ọ̀tún sósì ni ẹṣin ń gbà kọjá. Eré àkọ́kọ́, mo lo 1/125: rádaràda. Eré kejì, 1/60: ó burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá ti ń yí tẹ̀lé ẹṣin, àwòrán inú kámẹ́rà á máa ta gìrìgìrì, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ń bú ara mi kí n tó fi èékánná tẹ orí téèpù wò. Súwíìṣì tó ń gbógun ti gbígbọ̀n ọwọ́ wà lórí 1! Orí 1, ìhà gbogbo ni lẹ́ǹsì ti ń bá ọwọ́ jà. Orí 2, ti òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń dá dúró, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń yí kámẹ́rà. Èmi àti lẹ́ǹsì tí mo fowó mi háyà ti ń jà láti àárọ̀.

Mo pè wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yọ téèpù náà. Ọmọkùnrin kan fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bí orin yẹn ṣe ń lọ, Muybridge, onífọ́tò ayé àtijọ́, ló wá sí mi lọ́kàn, ẹni tí wọ́n bí ní Kingston, nítòsí Epsom níbẹ̀. Ní 1878, ní Kalifóníà, ó to kámẹ́rà 12 sétí ọ̀nà láti fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin ń kúrò nílẹ̀. Kò yọ téèpù ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin náà padà dé, ó ní lébẹ́ẹ̀lì ni lébẹ́ẹ̀lì ń jẹ́.

“Yéè, ẹ gbà mí o!” ló jáde lẹ́nu mi.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀: “Gbé e fún mi.” Lẹ́yìn náà, ní Yorùbá: “Bùọ̀dá mi, kí ló dé?”

Mo rò ó fún un. Ó ní, “Ẹ yọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí pé èmi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́. Ṣọ́tà mélòó lẹ ń lò?”

“1/60, mà.”

“Ó dáa, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ẹsẹ̀ síbi tí ẹ ti fẹ́ ya ẹṣin, kí ẹ wá yí ìbàdí padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹyọ ẹṣin kan ni kí ẹ dì mọ́. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ má dúró o, ẹ ṣì máa bá a lọ.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Derby ń kọjá níwájú èèyàn. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, èmi náà tẹjú mọ́ tiwájú, àwọn yòókù sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo yára padà sórí ọ̀kan tó dá wà lẹ́yìn pátápátá. Mo ya mẹ́rìnlá. Mẹ́tàlá jẹ́ ìdọ̀tí. Nínú ẹyọ kan tó kù, imú ẹṣin àti awò ojú ẹlẹ́ṣin mọ́ ketekete, ẹsẹ̀ ẹṣin dà bí omi, fìlà àwọn ọlọ́lá tó wà lódìkejì ti di ìlà aláràbarà. Mo pariwo débi pé ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni mo dá lẹ́ǹsì padà. Ọjọ́bọ̀, £25 ti lọ. Mo kọ ímeèlì mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ò rí àkọsílẹ̀ kankan. Mo ní kí wọ́n pe àǹtí yẹn fún mi, wọ́n ní ó ti lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdáhùn kẹta ò tilẹ̀ ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nínú.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo ti tún sanwó lẹ́ǹsì kan náà fún Sátidé tó ń bọ̀, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé súwíìṣì sórí 2 kí wọ́n tó lẹ téèpù wọn.