Ṣé Oscilloscope Olówó Pọ́ọ́kú Tó Iṣẹ́? Àgbéyẹ̀wò DSO138 láti Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹlẹkitirọ́níìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under-G, sábà máa ń bi mí bóyá oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè-sódò sójú rẹ̀) olówó pọ́ọ́kú tí a ń kó wá láti Ṣáínà lè ṣe iṣẹ́ gidi tàbí ohun ìṣeré lásán ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní DSO138, mo sì gbà pé ó tó ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbádùn ara rẹ̀. Ìyára rẹ̀ tí kò pọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń bú, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹnu kan ṣoṣo tó ní, ìyẹn ibi tí wáyà tí a fi ń wọn iná ń wọlé, ló ń fún mi níṣòro jù.

Ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2.4, iná 9 fólítì ló sì ń lò. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oscilloscope Rigol DS1054Z, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń júwe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A lè rà á ní títò tán, a sì lè rà á ní wẹ́wẹ́, kí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ jó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù fúnra wa. Wẹ́wẹ́ ni mo ra tèmi, mo sì gba ẹni tó bá ní sùúrù nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá fi mítà wọn résístọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù kò ní bẹ̀rù láti tú u lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Lẹ́yìn jíjó, kapásítọ̀ kéékèèké méjì wà tí a ó máa fi sukurudíráfà yí díẹ̀díẹ̀ títí igun ìgbì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ náà ń pèsè fún ìdánwò yóò fi gún régé, tí kò ní yọ ṣóńṣó, tí kò sì ní ká róbótó. Ẹni tó bá fo iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gba ìrísí tí ojú ẹ̀rọ bá fi hàn án gbọ́.

Níbi iṣẹ́ ohùn ni mo ti kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀. Wọ́n gbé amplifaya kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa, tó máa ń hùn bí wọ́n bá ti tan án, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sínú maikirofóònù. Mítà sọ pé iná tó ń jáde láti ibi dáyóòdù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná máa lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) pé 24 fólítì, nítorí náà, ẹni tó bá gbára lé mítà nìkan yóò ní kò sí àbùkù níbẹ̀. Nígbà tí mo yí súwíìṣì oscilloscope sí AC, tó fi jẹ́ pé kìkì ohun tó ń mì nínú iná náà ló kù lójú rẹ̀, mo rí ìgbì bí eyín ayùn tó ga ju fólítì mẹ́ta lọ, tó ń wá nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná ìjọba ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dáyóòdù mẹ́rin tí a so pọ̀ a sì máa sọ ọ́ di 100. Kapásítọ̀ ńlá tó yẹ kó mú un tẹ́jú ti gbẹ. A pààrọ̀ rẹ̀, híhùn náà sì lọ. Gbogbo ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, láti 20 Hz títí dé 20 kHz (Hz ni iye ìgbà tí ìgbì ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kHz jẹ́ ẹgbẹ̀rún rẹ̀, MHz jẹ́ mílíọ̀nù rẹ̀), ni DSO138 ń rí láìsí wàhálà.

Ibòmíràn tó ti wúlò fún mi ni ọ̀rọ̀ ìnfátà, tó ti pọ̀ nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù nílùú yìí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lówó kékeré kì í mú ìgbì tó yí geere jáde. Ṣe ló ń fò sókè, tó ń dúró, tó tún ń já wálẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fáànù fi ń kùn lórí rẹ̀. Oscilloscope yìí ń jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ “pure sine”, ìyẹn èyí tí ìgbì rẹ̀ yí geere, lóòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn kọ ọ́ sí lára. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má ṣe ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. 50 fólítì ni òpin ohun tí ẹnu rẹ̀ lè gbà, bẹ́ẹ̀ iná tí a ń pè ní 230 fólítì ń ga dé nǹkan bí 325 ní ṣóńṣó rẹ̀. Tíránsfọ́mà kékeré tó ń sọ 230 di 12 ni mo máa ń fi sáàárín. Ṣóńṣó 12 yẹn jìnnà sí 50, tíránsfọ́mà náà sì ya wáyà ọwọ́ mi kúrò lára iná ńlá. Ó lè yí ìrísí ìgbì padà díẹ̀, àmọ́ kò lè sọ èyí tó ń fò di èyí tó yí geere. Bátìrì 1.5 fólítì mẹ́fà tí mo tò tẹ̀lé ara wọn ni mo sì fi ń gbé ẹ̀rọ náà, dípò ṣájà, kí ó má bàa ní ìsopọ̀ kankan mọ́ ògiri.

Ní ti ìyára, ẹni tó ń tà á lè pariwo pé ó ń wọn iná nígbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè rí ìgbì tó ń yí nígbà mílíọ̀nù kan. 200 kHz ni àlà rẹ̀. Fún ìgbì onígun mẹ́rin, àlà náà tilẹ̀ tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ìgbì tó yára ní ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún àti méje rẹ̀ ló para pọ̀ di igun rẹ̀. Bí a bá fún un ní onígun mẹ́rin 100 kHz, 300 àti 500 kò ní fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọlé, ohun tí a ó rí yóò sì ká róbótó. Èmi kì í gbà á gbọ́ lórí igun bí ìgbì bá ti kọjá 20 kHz. PWM (iná tó ń tàn tó ń kú léraléra) ti Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sí, tó jẹ́ nǹkan bí 490 Hz lórí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣòro fún un rárá. Aago 16 MHz tó ń darí bọ́ọ̀dù kan náà kọjá agbára rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Takie nílùú yìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, “Àbúrò, bí kò bá lè rí 455, kí ni kí n fi ṣe?” 455 kHz tí ọ̀pọ̀ rédíò AM máa ń sọ ìgbì tí wọ́n bá gbà dà, kí wọ́n tó yọ ohùn inú rẹ̀, ni wọ́n ń sọ, wọn kò sì parọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, láti ibi fólúùmù lọ dé sípíkà ni kí ẹ ti lò ó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibẹ̀ náà kúkú ni àbùkù èyí tó pọ̀ jù nínú rédíò tí wọ́n ń gbé wá fún àwọn.

Ẹnu kan ṣoṣo yẹn wá ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìnfátà, ọ̀wọ́ mosfet (súwíìṣì ẹlẹkitirọ́níìkì) méjì ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti kú kí èkejì tó tàn, àlàfo díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò jọ jóná. Kí a tó lè rí àlàfo yìí, ó yẹ kí ìhà méjèèjì hàn pọ̀ lójú kan náà. DSO138 á fi ọ̀kan hàn wá, a ó yọ wáyà, á fi èkejì hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ṣeé fi gbé ohun tó wọ inú amplifaya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jáde. Fún iná oní 0 sí 5 fólítì, bí irú èyí tí Arduino fi ń bá ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀, mo ra logic analyzer (ẹ̀rọ tó kàn ń sọ bóyá iná wà lókè tàbí nílẹ̀) kékeré ẹlẹ́nu mẹ́jọ tó ń wọn iná nígbà mílíọ̀nù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà PulseView, tí a kì í sanwó fún. Owó méjèèjì pọ̀ kò sún mọ́ ti Rigol.

Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ páwà (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ẹ̀rọ mìíràn) tó ń ṣiṣẹ́ ní 65 kHz sókè, tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ kó wá oscilloscope àtijọ́ tòkunbọ̀ tó jẹ́ 20 MHz, tó sì ní ẹnu méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba ìdajì tábìlì rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra DSO138 ní títò tán, kí ó má ṣe sanwó kí wọ́n tó so iná mọ́ ọn níṣojú rẹ̀, kí wọ́n sì fi wáyà pupa kan ojú ibi ìdánwò tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Iye tó yẹ kó jáde lójú rẹ̀ ni nǹkan bí 1 kHz àti 3.3 fólítì.