Àpótí ìrántí iléèwé lórí síkánà Epson Perfection V600

Ẹni tó bá tú àpótí ìrántí iléèwé palẹ̀ kì í bá fọ́tò lásán níbẹ̀. Á bá fọ́tò kíláàsì tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, nẹ́gétíìfù tí ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tó wà lára rẹ̀ mọ́, ìwé ìdágbére tí orúkọ gbogbo ọmọ ọdún àṣekágbá wà nínú rẹ̀, káàdì èsì ìdánwò, àti fọ́tò gbọọrọ kan tí wọ́n kó gbogbo iléèwé sí. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ la ní lọ́kàn bá a ṣe yẹ V600 wò, a ò ro ti iṣẹ́ ọ́fíìsì rárá. Síkánà pẹrẹsẹ ni. Kò yára, ó sì fẹ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ohun tó máa kọ̀ nínú àpótí náà kò pọ̀.

Ojú tó fi ń ríran ló mú un yàtọ̀ sí àwọn síkánà tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn yẹn ń lo CIS, irú ojú ẹ̀rọ kan tó wà lábẹ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí, tó jẹ́ pé ohun tó bá fara kan gíláàsì gan-an nìkan ló ń rí kedere. Tí fọ́tò bá ká sókè ní mílímítà mélòó kan, apá ibẹ̀ á ti ṣú. CCD, irú ojú ẹ̀rọ mìíràn, àti lẹ́ńsì ni V600 ń lò, nítorí náà ó lè rí ohun tó jìnnà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ má fi tipátipá bó irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, torí ojú àwòrán ló máa kù sára gíláàsì. Ńṣe ni kí ẹ yọ gíláàsì àti fọ́tò pọ̀ kúrò nínú férémù, kí ẹ nu iwájú gíláàsì náà, kí ẹ sì dà á dojú bolẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú ewé álíbọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ ṣeé yọ: ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ti eyín bọ abẹ́ igun kan, kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n kọ 6400 dpi sára páálí rẹ̀, ìyẹn iye píkísẹ́lì (ẹyọ àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó ń kà nínú íǹsì kan. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Fọ́tò íǹsì 4 sí 6 ní 600 dpi á fún yín ní píkísẹ́lì 2400 sí 3600, ó sì tó. Fọ́tò kíláàsì nìkan la ó ní kẹ́ ẹ gbé e sókè fún. Nínú fọ́tò íǹsì 8 sí 10 tí ogójì ọmọ dúró sí, orí ẹnì kan lè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹsì lọ. Ní 600 dpi, orí yẹn á gba píkísẹ́lì 150. Ní 1200 dpi, á di 300, ẹ sì lè gé ojú ẹnì kan jáde kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a mọ̀. Fáìlì TIFF rẹ̀, irú èyí tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára àwòrán, á tó bíi 345 MB. Tí ẹ bá tún gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara bébà lẹ óò máa sọ di ńlá, kò sí ojú tuntun tó máa yọ.

Professional Mode ni kí ẹ máa lò nínú sọfitíwíà rẹ̀. Ẹ yan 24-bit Color fún gbogbo nǹkan, títí kan fọ́tò dúdú-òun-funfun, nítorí pé bébà rẹ̀ ti pọ́n, yíǹkì ẹni tó fọwọ́ sí i lè jẹ́ búlúù, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ìyẹn sọnù. Ẹ pa Unsharp Mask, èyí tó ń mú kí etí nǹkan mú sí i. Color Restoration, tó ń dá àwọ̀ tó ti ṣá pa dà, ń ṣiṣẹ́ gan-an lórí fọ́tò aláwọ̀ tó ti pupa rẹ́súrẹ́sú, àmọ́ tí aṣọ iléèwé yín bá jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú àwòrán náà kẹ́ ẹ fi mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Tí ẹ bá to fọ́tò mélòó kan pọ̀, ẹ jẹ́ kí mílímítà 20 wà láàárín wọn, kí ẹ sì fà wọ́n kúrò ní etí gíláàsì ní bíi mílímítà 3, ibẹ̀ kì í ríran. Orí aṣọ ìnuwọ́ ni kí ẹ ta omi ìfọ-gíláàsì sí. Tẹ́ ẹ bá ta á sórí ẹ̀rọ, yóò gba etí gíláàsì wọlé.

Digital ICE, ètò tó ń pa eruku àti ibi tó ti ha rẹ́, ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ jù, iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe lórí nẹ́gétíìfù aláwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kì í rí, máa ń la àwọ̀ fíìmù kọjá, ṣùgbọ́n eruku àti ibi tó ti ha máa ń dí i, ibẹ̀ lẹ̀rọ ti ń mọ ojú ibi tó máa tún ṣe. Nẹ́gétíìfù dúdú-òun-funfun kò gbà á. Fàdákà ló gbé àwòrán ró lára tiẹ̀, fàdákà náà sì ń dí infrared. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé tẹ́ ẹ tan ICE, ẹ̀rọ á máa pa ojú èèyàn rẹ́ bíi pé eruku ni. Lórí fọ́tò bébà, ẹ tan án fún èyí tó ti sán nìkan. Ó ń fa àkókò gùn, ó sì lè ka bọ́tìnnì kékeré sí àbàwọ́n.

Férémù fíìmù tó bá a wá ń gba gígé nẹ́gétíìfù 35 mm méjì, àwòrán 12 lápapọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ pátákó funfun inú ìdérí, torí abẹ́ rẹ̀ ni iná tó ń tan fíìmù wà. Àìyọ pátákó yìí ló máa ń fà á tí àwọn kan fi ń rí òkùnkùn biribiri. Ojú tó ń dán ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára bájì tàbí àpò ṣẹ́ẹ̀tì: tó bá kọjú sódì, fíìmù ti yí padà. 2400 dpi tó fún un.

Fọ́tò gbọọrọ ló ń dán sùúrù wò. Gíláàsì ẹ̀rọ kò ju íǹsì 8.5 sí 11.7 lọ, nítorí náà ẹ óò kà á ní abala-abala, kí abala kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ má ṣe yí abala kankan po, nítorí pé ibì kan ni iná ẹ̀rọ ti ń wá. Ẹ pa auto exposure, èyí tó ń fúnra rẹ̀ yí ìmọ́lẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà ìpẹ̀kun abala kọ̀ọ̀kan á hàn lára ògiri iléèwé. Hugin, sọfitíwíà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á rán wọn pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti ká bí ẹní, tó sì ti gan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sán láti ibì kan dé ibì kejì.

Àwòrán inú ìwé ìdágbére, èyí tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀, máa ń jẹ́ tótótó. Tẹ́ ẹ bá síkáànù rẹ̀ lásán, ìlà gbígbùn á bo gbogbo ojú. Ẹ tẹ Descreening nínú sọfitíwíà náà, tó ń pa ìlà yẹn rẹ́, tàbí kí ẹ kà á ní 600 dpi kí ẹ sì dín in kù sí ìdajì. Káàdì èsì kò le: 300 dpi. Kẹ́ ẹ tó gbé ti ẹlòmíì sójú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ bi í. Ẹni tó gba 12 nínú 100 nínú ìṣirò ṣì lè máa rántí.

Ẹ̀yìn fọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ sì ni ọjọ́, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wà. V600 ò lè ka iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ọwọ́ yín lẹ máa fi yí i. Ẹ fún méjèèjì ní orúkọ kan náà, bíi 1987_kíláàsì5_03a àti 03b. Orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò, ẹ to wọn láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn láti iwájú, kí ẹ sì fi àmì ìbéèrè sípò ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ má fò ó, kíkà náà á dàrú. Nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fún un mọ́ra, ojú tó wà lẹ́yìn á sì di aláìlójú.

Tí ẹni tó ni fọ́tò kò bá jẹ́ kó jáde lọ́wọ́ òun níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ fi PhotoScan, áàpù fóònù ti Google tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yà á: ẹ óò tẹ̀ lé àmì róbótó mẹ́rin, á sì pa ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ lára fọ́tò rẹ́. Kò tó V600, ó kàn sàn ju kẹ́ ẹ pa dà lọ́wọ́ òfo.

Ẹni tí àpótí rẹ̀ kún fún fọ́tò lásán, tí kò ní fíìmù, tí kò sì ní ìwé, kò nílò V600. Kó lọ wo Epson FastFoto FF-680W: ó ń gba fọ́tò 36 lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń ka iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Kí ẹ má ṣe fi fọ́tò tó ya tàbí tó ṣì ní gọ́ọ̀mù lára sínú rẹ̀. Kí ẹ sì máa nu gíláàsì inú rẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ti rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà lára fọ́tò méjì tó tẹ̀ léra.