Fílítà éésì eléèédú nínú Camry "Muscle": ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án

Ọkọ̀ tí mo ń wà ní Ìbàdàn ni Toyota Camry tí wọ́n ṣe lọ́dún 2008, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "Muscle" nílẹ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni mo rà á lọ́dún 2019, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì tíì yọ mí lẹ́nu. Éésì rẹ̀ ni ó fẹ́ sọ mí di onígbèsè nígbà ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ohun tó sì fa gbogbo wàhálà náà kò ju fílítà pẹlẹbẹ kan tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀ mi lọ. Láti ìgbà náà mo ti lo irú méjì, funfun kan tí mo rà ní owó pọ́ọ́kú àti dúdú kan tí wọ́n fi èédú sí nínú. Ti eléèédú yìí ni mo fẹ́ sọ jù, nítorí pé ó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tó láti sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya fílítà méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń ṣì wọ́n mú. Èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní éà fílítà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ni ó ń fi í mí. Fílítà éésì wà lẹ́yìn píjíìnhóòlù, níwájú ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ni a ń fi í mí. Afẹ́fẹ́ ìta máa ń gba ihò tó wà nídìí gíláàsì iwájú wọlé, níbi tí wáípà ń sùn sí. Yóò gba inú fílítà yìí kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ búlówà, búlówà yóò fẹ́ ẹ sórí kọ́ìlì tó ń mú un tutù, ibẹ̀ ni yóò ti jáde sí wa lójú. Bí fílítà bá ti dí, búlówà yóò máa pariwo lásán. Kọ́ìlì lè di yìnyín nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá kò tó, bí òjò bá sì ń rọ̀, kùrukùru yóò bo gíláàsì láti inú, kò ní í tètè mọ́.

Bí ti ọkọ̀ mi ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo yí búlówà dé òpin, ariwo ni mo ń gbọ́, afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò lè mi abẹ̀bẹ̀ ìwé tí ọmọ mi mú dání. Ẹni tó ń tún éésì ṣe tí mo gbé e lọ bá kò ṣí ohunkóhun wò. Ó ní, "Mọ́mì, gáàsì ló ti tán," ó fa R134a, ìyẹn gáàsì éésì, sí i, ó sì gba náírà 15,000 lọ́wọ́ mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo tún padà lọ, ó tún ní gáàsì ni, mo tún sanwó. Nígbà kẹta, ó ní kí n lọ ra kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì éésì kiri. Gáàsì éésì kì í ṣe bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ń jẹ tán. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, kò yẹ kí ó dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá ibi tó ń jò kí ó tó fa òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí pé ọmọ mi tó kéré jù ní ikọ́ fée, ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́wọ́, n kò lè ṣí fèrèsé ọkọ̀ fún un.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston ni ó bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo ni mo pààrọ̀ fílítà éésì gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú píjíìnhóòlù yẹn jáde, kí ẹ gbé fóònù síbi tí mo ti lè rí i." Mo kó ìwé ọkọ̀ àti gbogbo pàǹtí tó wà níbẹ̀ jáde. Lápá ọ̀tún píjíìnhóòlù náà, apá tín-ínrín kan wà tó ń dì í mú kí ó má baà já lulẹ̀ lójijì. Mo fi ìka tì í kúrò lára èèkàn kékeré tó kọ́, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ píjíìnhóòlù sínú, odidi rẹ̀ sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. A kò lo sukurudíráfà rárá. Ìdérí pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ ní ìbú ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo sì fà á síta.

Ohun tí mo fà jáde kò jọ fílítà mọ́. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé dógóyárò gbígbẹ há sí gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀, èèpo ẹ̀pà tí èkúté ti jẹ wà lórí rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ kan sì lẹ̀ mọ́ ọn ní igun. Nígbà tí mo gbọ̀n ọ́n sórí ìwé ìròyìn, eruku tó dà sílẹ̀ tó ẹ̀kún ṣíbí ìmùkọ méjì. Létí rẹ̀, ẹnìkan ti fi bírò kọ "10/14" sí i. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, tàbí mẹ́káníìkì rẹ̀, ni ó kọ oṣù tó pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn oṣù kẹwàá ọdún 2014. Èyí ni pé láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀, inú ìdọ̀tí yẹn ni èémí tí ọmọ mi ń mí símú ń gbà kọjá. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe tan búlówà láìsí fílítà, afẹ́fẹ́ tó jáde gbá ìwé ìròyìn kúrò lórí ìjókòó. Kò sí ohun tó ṣe gáàsì, kò sí ohun tó ṣe kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde dáadáa ṣùgbọ́n tí kò tutù, ẹ lè fura sí gáàsì. Bí ó bá tutù ṣùgbọ́n tí kò jáde tó, ẹ wo fílítà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ má sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo bí àwọn mẹ́káníìkì kan ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn, torí pé orí kọ́ìlì ni eruku náà yóò lọ bà sí, àti yọ kọ́ìlì fọ̀ sì lè gba kí wọ́n tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù.

Nọ́ńbà tí Toyota fún fílítà yìí ni 87139-YZZ08. Ẹ lè rí 87139-YZZ20 lára àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 21, ó fẹ̀ tó 19, ó sì nípọn tó 3. Corolla ọdún 2009 sókè àti RAV4 ọdún 2006 sókè ń lo irú rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Ti Camry "Big Daddy", èyí tó ṣáájú "Muscle", yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fipá ti èyí bọ ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan tó dàgbà ju wọ̀nyí lọ kò tilẹ̀ ní fílítà éésì láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Funfun tí mo kọ́kọ́ rà ní ẹ̀bá títì, náírà 3,500, kò yẹ ní ohun tí à ń fi owó rà. Wọ́n tẹ àmì ilé-iṣẹ́ ńlá sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Nígbà tí mo gbé e sí ojú oòrùn, mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín aṣọ rẹ̀ àti férémù. Mo ka ìṣẹ́po rẹ̀, kò ju méjìlélógún lọ. Kí oṣù méjì tó pé, búlówà ti fà á wọ inú, àárín rẹ̀ tẹ̀ bí ibùsùn tó gbó.

Eléèédú ni mo wá lọ rà ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, náírà 9,500, lóṣù kẹta ọdún 2024. Mo ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí n ṣí i wò, kò sì bínú. Férémù rẹ̀ le, ìṣẹ́po rẹ̀ tó márùndínláàádọ́ta, fóòmù tín-ínrín sì yí etí rẹ̀ ká tí kò fi sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè fẹ̀gbẹ́ gbà. Ó wọ àyè rẹ̀ rẹ́gí.

Ibi tí mo ti mọ iyì rẹ̀ jù ni àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Iwo Road, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń tú èéfín dúdú síni lára. Òórùn dísù tó máa ń kún inú ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀ dín kù gan-an, torí pé èédú inú fílítà máa ń gba òórùn mọ́ra, ohun tí funfun lásán kò lè ṣe. Ọmọ mi kò húkọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ bí a bá ń lọ sílé ìwé. N kò pè é ní oògùn, ìfà-símú rẹ̀ ṣì wà nínú àpò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọkàn tán èédú yìí lórí carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín ọkọ̀ tí kò ní òórùn, nítorí pé kò lè mú un. Bí ọkọ̀ yín bá ń jo èéfín wọ inú, ẹ lọ tún páìpù èéfín rẹ̀ ṣe.

Ó ní àléébù. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, etu dúdú díẹ̀ bà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí á ti gbọ̀n ọ́n dáadáa kí á tó fi sí i ni ì bá dára. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín sí ti funfun díẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Èyí tó bí mi nínú jù ni ọfà ara rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ láìṣàlàyé. Lára ti Toyota, "UP" ni wọ́n máa ń kọ, ọfà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Lára èyí, "AIR FLOW" ni wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń wá sísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, ìsàlẹ̀ ni ọfà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Òdì ni mo kọ́kọ́ fi í sí.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí á pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 15,000 tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nílẹ̀ wa, mo gbà pé ó yẹ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé eruku tí ọyẹ́ ń kó wá láti aginjù Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad kúnná ju eruku títì lọ. Nígbà tí mo yọ tèmi wò lóṣù Kejìlá, ojú òkè rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣì mọ́. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà láti fọ́n ọn, ẹ má sì fi omi fọ̀ ọ́. Agbára atẹ́gùn náà ń fa okùn rẹ̀ ya, omi sì ń ba ohun tí wọ́n fi ń mú eruku tó kéré jù jẹ́.

Mo ti ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹni kan náà, owó rẹ̀ ti fi náírà 1,000 lé. Mo fi bírò kọ "12/24" sí etí rẹ̀ kí n tó tì í wọlé, gbogbo iṣẹ́ náà kò sì gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.