Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú Couch to 5K ní Ìbàdàn: ohun tó ṣe fún mi, àti ohun tí agolo gàrí ṣe

Ìṣẹ́jú kan péré ni. Ohun tí Couch to 5K, ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó ń kọ́ ẹni tí kì í sáré títí á fi lè sá kìlómítà márùn-ún, ní kí n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: kí n rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí n rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kí n tún sáré, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé ní London fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo pè é padà, mo ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ná."

Ọmọ ọdún 44 ni mí, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági tuntun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé orí ìjókòó la ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àfi tí oníbàárà bá ní ká na aṣọ wò la tó ń dìde. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn, ó jẹ́ 148 lórí 94. Mo gun ìwọ̀n, kílò 97. Nọ́ọ̀sì fi téèpù yí ikùn mi ká, sẹ̀ǹtímítà 112. Ó ní ó dáa kí ikùn èèyàn má tó ìdajì bí ó ṣe ga. Sẹ̀ǹtímítà 162 ni mo ga, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ 81. Dókítà ní òun á fún mi ní oṣù mẹ́ta kí òun tó pinnu bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn yẹn ni ìyá mi lò títí ó fi kú, mo sì mọ ohun tó fojú rí.

Ìgbà yẹn kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo san owó oṣù mẹ́ta sí ilé ìdárayá kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni olùkọ́ ibẹ̀ ti ní kí n máa lóṣòó kí n máa dìde, kí n gbé irin, kí n tún gun kẹ̀kẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ògiri ni mò ń dì mú kí n tó lè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lọ, owó yòókù jóná. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ta tíì tó ń múni jò fún mi. Ewé sẹ́nà ló wà nínú ẹ̀, ìgbẹ́ ló ń múni yà ṣáá. Kílò méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì padà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, torí omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó yín ra á.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ló gbé ètò Couch to 5K kalẹ̀ ní 1996, ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún ló sì rò nígbà tó ń ṣe é. Ìyẹn ló mú kí n fọkàn tán an. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ́ di áàpù ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò lo áàpù. Mo kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, mo sì ń fi aago fóònù mi wo ìṣẹ́jú.

Ibi tí màá ti sáré ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ládùúgbò wa, tí o bá sáré fún ìṣẹ́jú méjì lórí títì, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́nkè nìyẹn, àwọn takisí Micra á sì máa fun fèrè sí ẹ léti. Mo lọ bá baba ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n máa lo pápá kí àwọn ọmọ tó dé. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti kọjá díẹ̀, géètì ti ṣí sílẹ̀ dè mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣì ṣe ni pé mò ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo ti ń mí helehele, ẹ̀gbẹ́ á ti máa dùn mí. Àbúrò mi ló sọ fún mi pé kí n máa sáré débi tí mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù 23 jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí mo ṣe ń lọ. Tí mi ò bá lè parí ẹsẹ kan láìmí ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ti ń yára jù nìyẹn, màá dẹsẹ̀. Ọ̀nà yìí ló gbà mí. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè kọjá mi lórí pápá, ìyẹn ò sì bà á jẹ́ rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bàtà kańfáàsì pẹlẹbẹ kan tí mo ti ń wọ̀ láti ọdún mélòó kan ni mò ń fi sáré, ẹ̀bi mi sì ni. Mo sinmi fún ọjọ́ mẹ́jọ, mo ra bàtà ìsáré òkìrìkà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn, mo sì tún ọ̀sẹ̀ kẹta náà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ náwó sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bàtà ni kí ẹ náwó sí.

Ọjọ́ kẹta nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mi ò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì ọ̀sẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì ni èèyàn ń sá, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún á sì wà láàárín. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ètò náà ní kó o sá ogún ìṣẹ́jú gbáko láìrìn rárá. Mi ò sùn dáadáa mọ́jú ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé pápá, ìrì ṣì wà lórí koríko, ìyá alákàrà tó ń jókòó lẹ́nu géètì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé epo kaná. Mo mọ̀ pé tí mo bá yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, á gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, mo wá mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà dání, kí n lè máa ju ọ̀kan sídìí igi máńgòrò ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti yí i ká. Òkúta àkọ́kọ́ àti ìkejì ò ni mí lára. Ìkẹta ló le, torí ibẹ̀ ni ara mi ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká dúró, kò sì sí ohun kan pàtó tó ń dùn mí. Lẹ́yìn ìkẹrin, mo ṣàkíyèsí pé mi ò ka Sáàmù mọ́, àkàrà tó ń ta nínú epo ni mò ń gbọ́. Òkúta kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi nígbà tí aago dún. Mo dúró sí abẹ́ igi náà, mo sunkún. Ìyá alákàrà kígbe pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí o, Mà, mo ṣe é ni."

Ẹ wá gbọ́ o: títí di ọjọ́ yẹn, mi ò tíì dín gíráàmù kan kù. 97 ni mo bẹ̀rẹ̀, 97 àti díẹ̀ ni ìwọ̀n kà. Mo fẹ́ káwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ èyí, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń jáwọ́ nìyẹn, wọ́n á ní ara àwọn ò gba ìdárayá. Èèyàn tó bá sáré kìlómítà kan ń jó nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Lórí pápá yẹn, kìlómítà méjì péré ni mò ń sá lọ́jọ́ kan; gbogbo ohun tí mò ń jó ò tó 200. Tí mo bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, màá ra búrẹ́dì àti mínírà ìgò 50cl kan, torí mo ti "ṣiṣẹ́". Ìgò mínírà bẹ́ẹ̀ lè ní tó gíráàmù 50 ṣúgà, kálórì 200 nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo fi òógùn àárọ̀ jó ni mò ń mu padà kí aago mẹ́wàá tó lù, mi ò tíì ka búrẹ́dì mọ́ ọn.

Mo ra ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò nílé ìdáná. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo rà á, mo ní kí ọmọ mi obìnrin wọn gàrí tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà tèmi, kó fi agolo mílíìkì bù ú bá a ṣe máa ń ṣe. Ó bu agolo kan sórí ìwọ̀n, ó sún mọ́ gíráàmù 100. Ó bu ìkejì. Ó bu ìkẹta, ó sì wo ojú mi. Gíráàmù 300 ni ìwọ̀n kà. Gàrí gíráàmù 100 ní tó kálórì 360. Ẹ̀bà alẹ́ mi nìkan ti lé ní 1,000 nìyẹn, ká tó dé orí ọbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni mò ń jẹ ẹ́, tí n óò wọlé lọ sùn lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ké mọ́ mi, kò sẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọ mi kàn da agolo kan ààbọ̀ padà sínú ike, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí ná."

Agolo kan ààbọ̀ náà ni mo wà títí dòní. Ọbẹ̀ ni mo fi rọ́pò ohun tí mo dín. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ni mo fi ń kún abọ́ báyìí, débi pé ẹ̀fọ́ ń pọ̀ ju òkèlè lọ, pẹ̀lú ẹja méjì. Epo pupa tí mò ń dà láti inú ìgò tẹ́lẹ̀, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí ìjẹun ńlá kan ṣoṣo ní tó kálórì 120. Mínírà di ọjọ́ àríyá nìkan. Mo ń gbé ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń jẹun alẹ́ kí aago méje tó kọjá. Ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ. Mi ò se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ara mi, torí oúnjẹ ọ̀tọ̀ kì í pẹ́ sú èèyàn. Mo gbìyànjú áàpù kan tó ń ka kálórì, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀kọ, kò mọ gbẹ̀gìrì. Ìwọ̀n àti ìwé ló ṣiṣẹ́ fún mi.

Àtìgbà yẹn ni kílò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo fi parí ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mo sì ti di 92 nígbà náà. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jà ló kọ́kọ́ fẹ́ mú mi padà sẹ́yìn. Àwọn èèyàn á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ ti jò o. Ṣé ara yá? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?" Oníbàárà mi kan gbàdúrà fún mi lójúkojú pé Ọlọ́run á gbé àrùn náà kúrò. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí. Ọkọ mi ló ní kí n máa dá wọn lóhùn pé, "Mò ń sáré láàárọ̀ ni." Ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun tí ètò náà kò ṣe ńkọ́? Ètò ìsáré ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun nìkan á mú kílò lọ. Ìṣẹ́jú 30 ló fi parí, kìlómítà mẹ́ta sì ni mo ń sá nínú ìyẹn. Kìlómítà márùn-ún tó wà nínú orúkọ ẹ̀ gba ìṣẹ́jú 47 lẹ́sẹ̀ mi báyìí. Mo ti fi gbígbé nǹkan wúwo kún un, ìgò omi lítà méjì lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí ìsáré kì í fún apá lágbára. Tí orúnkún bá ń dùn yín, tàbí tí ẹ wúwo jù mí lọ, ẹ fi oṣù kan rìn ná. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ má dé pápá kankan.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún Couch to 5K. Ìwọ̀n gàrí yẹn, mo fún un ní mẹ́wàá.

Kílò 86 ni mí lónìí, ikùn mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 98, ìfúnpá mi jẹ́ 132 lórí 84 lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ò sì tíì kọ oògùn. Kílò náà ti dúró lórí 86 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti padà sídìí ìwé mi láti wá ohun tó fà á. Mo fura sí ẹ̀pà tí mò ń jẹ lọ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi á bá mi dé pápá. Mo ti sọ fún baba ọlọ́dẹ pé èmi nìkan kọ́ mọ́. Ìṣẹ́jú kan ló máa sá, màá sì di aago mú fún un.