Dep àti Ded: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta èmi àti ìkànnì ìṣirò owó ẹgbẹ́ wa

Lójú ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní ọgọ́ta ni mo ti fẹnu ara mi sọ fún Ìyá Aláró pé wọ́n ní ₦185,000 nípamọ́. Wọn ò ní i. ₦62,000 ni wọ́n ní. ₦185,000 yẹn ni owó tí ẹgbẹ́ ti ń yọ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ fún ẹ̀yáwó tí wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló gbé mi dé ìdí ohun tí mò ń kọ yìí, ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Ojú mi ò ríran. Ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sí mi létí; akàwé ni mò ń pe ètò tó ń kà á. JAWS ni akàwé tí mo fi kọ́ ọ (ẹni tó bá ti lo èyí tí wọn ò sanwó rẹ̀ mọ ohun tí ogójì ìṣẹ́jú jẹ́, tó bá ti pé, àfi kéèyàn pa ẹ̀rọ kó tún un tàn), lẹ́yìn náà ni mo wá mọ NVDA, akàwé mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Michael Curran, ará Australia tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, mo sì máa ń ṣàdúrà fún un. Ìkànnì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìwé owó. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ó ń ṣírò èlé, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ohun tí gbogbo irú rẹ̀ ń ṣe náà ló ń ṣe.

Àtẹ ìṣirò ni ìjà wa. Bí mo bá tẹ T, akàwé á gbé mi dé orí àtẹ. Bí mo bá di Ctrl àti Alt mú, tí mo ń tẹ bọ́tìnì olófà, mo ń rìn láti àpótí kan sí èkejì nìyẹn. Bí mo bá ti bọ́ sí òpó mìíràn, akàwé á kọ́kọ́ pe orí òpó náà, ìyẹn orúkọ tó wà lókè rẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa pe iye tó wà níbẹ̀. Orí òpó yẹn ni ojú mi. Àwọn tó ṣe ìkànnì yìí gé gbogbo rẹ̀ kúrú kó lè gba ojú fóònù: Dep fún owó tí èèyàn fi pamọ́, Ded fún owó tí wọ́n yọ, Int fún èlé, Bal fún iye tó kù. Ẹni tó ríran á rí p, á rí d, á kọjá lọ. Èmi ti fi ohùn ẹ̀rọ yẹn sí eré, bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì. "Dẹ́" ni mo gbọ́ nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Sátidé ìpàdé ni. Ìyá Aláró béèrè pé, "Akápò, èló ni tèmi?" Mo tẹ ẹ, mo gbọ́ ọ, mo sọ ọ́. Ìlọ́po méjì owó ìfipamọ́ ni ẹgbẹ́ wa máa ń yáni, kí n sì tó mí, Ìyá ti ṣírò rẹ̀: ₦370,000, owó ilé ìwé àwọn ọmọ-ọmọ ti yọ. Wọ́n dá orin, àwọn obìnrin gbè é. Akọ̀wé wa bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ mi, ó ní, "Akápò, Ded lẹ kà yẹn o."

Orin yẹn kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kú lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ẹnì kan wá sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ̀yin náà lẹ fi ẹni tí kò ríran sídìí owó." Mo mọ ohùn ẹni náà. Ìyá Aláró ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Akápò. Ẹ bá mi tún un kà." Ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ dùn mí ju èébú yẹn lọ.

Mo pe ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ajé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi orin gbá mi létí, káàdì mi ń jó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, mo ṣàlàyé, ó dákẹ́, ó wá ní, "Sà, ṣé ẹ ò ní ọmọ nílé tó lè máa bá yín kà á ni?" Mo ní mo ní ọmọ mẹ́ta, pé kò sí èyí tí ẹgbẹ́ dìbò yàn nínú wọn. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Òkè wo? Títí di òní, mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ló gbé e, ẹ bá mi kí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kémi náà gbọ́ ọ." Mo gbé fóònù ti ẹnu kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀rín pa á, ó tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín náà, ó ní òun gan-an ò mọ èwo ni èwo. Ó pe ẹni tó ń kọ ìkànnì náà sórí ìlà, àwa mẹ́ta jọ ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bá ilé iṣẹ́ jà, kò sí ẹni tó ní kí n jẹ́ kóun gbọ́ rí.

Àtúnṣe àkọ́kọ́: wọ́n fi ìtumọ̀ pamọ́ sábẹ́ Ded, kí ẹni tó bá gbé máòsì lé e lè rí i. Mi ò ní máòsì. Akàwé mi ṣì ń pe Ded.

Èkejì: wọ́n gbé orúkọ gígùn sórí òpó, "Total Deposits Made by Member to Date in Naira", òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bẹ́ẹ̀. Èyí ò ṣe é gbọ́ ní àgbọ́yé. Bí mo bá fẹ́ ka ti ẹnì kan ṣoṣo láti etí kan dé èkejì, mo lè bọ́ síta lọ ra ẹ̀kọ kí n tó gbọ́ Balance. Mo tún pè, ohùn mi sì ti le. Ọmọbìnrin yẹn ní, "Bàbá, ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì."

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu. Ó ní ohun kan wà tó ń jẹ́ abbr, tí wọ́n máa ń fi sára orí òpó: èèyàn á kọ orúkọ gígùn sójú, á wá fi kúkúrú sí abbr, kí akàwé máa pe kúkúrú bí èèyàn bá ń rìn láàárín àtẹ. Kì í ṣe ohun tuntun. HTML 4 ti ọdún 1997, ìwé ìlànà èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, ti ní in. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣe é nínú ìwé yẹn ni àtẹ iye ife kọfí tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń mu, wọ́n kọ "Type of Coffee" sójú, wọ́n fi "Type" sí abbr. (Àwọn sẹ́nétọ̀ tiwa, kọfí kọ́ là ń kà fún wọn.) Wọ́n ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láàárọ̀, mo tẹ̀ ẹ́: "Savings, 62,000." "Deductions, 185,000." Mo pariwo, ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé.

Mo délé, mo tẹ ojú ìwé kan náà lórí ẹ̀rọ mi: "Total Deposits Made by Member..." Akàwé tó wà ní ọ́fíìsì gba abbr, tilé mi ò kà á sí. Èwo ni èwo, n ò ní sọ, wọ́n ń tún wọn ṣe lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà láti 1997, kó ṣì jẹ́ pé orí ló ń mú un! Inú tún bí mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú sí, èyí tó burú ju ti Ọjọ́ Ajé lọ.

Èmi ni mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ní, ṣé fóònù ò lè gba "Savings" tí wọn ò gé lọ́rùn? Kí wọ́n kọ Savings àti Deductions sójú, kí wọ́n gbé àlàyé gígùn lọ sókè àtẹ, níbi tí mo ti lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kọ ìkànnì náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó gbà á, sà." Kò gba wákàtí kan. Akàwé méjèèjì ń pè é báyìí, ọ̀kan náà ni.

Ohun tó kù: wọn ò tíì fi hàn pé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni orí ìlà. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òpó, owó nìkan ni mò ń gbọ́, mi ò mọ ti ta ni, àfi kí n padà lọ sí apá òsì. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní ó wà lókè.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n, tó bá jẹ́ ọkùnrin ló gbé e, ẹ pa fóònù, kí ẹ tún pè.