eBird: áàpù fún ẹni tó fẹ́ máa kọ ọjọ́ tí lékeléke dé sí Ẹ̀pẹ́

Lékeléke máa ń dé bá wa ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á padà sí Òkè Ọya. Ṣé ojú ọjọ́ tó ń yí ti ń sún ọjọ́ ìdé rẹ̀? Ìrántí kò lè dáhùn ìyẹn, àfi àkọsílẹ̀. Ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Marsham bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1736, ìdílé rẹ̀ sì ń kọ ọ́ títí di 1958. eBird, tí Yunifásítì Cornell ń bójú tó láti 2002, gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè kan tó máa ń bi yín kẹ́ ẹ tó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ló níye lórí jù: ṣé gbogbo ẹyẹ tẹ́ ẹ dá mọ̀ lẹ kọ? Ẹni tó jókòó sétí ọ̀sà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó kọ gbogbo ẹyẹ, tí lékeléke kò sí níbẹ̀, ti jẹ́rìí pé kò fojú kàn án lọ́jọ́ náà. Ojú ìwé tó ṣófo kò lè jẹ́ irú ẹ̀rí yẹn. Bóyá ẹyẹ ni kò wá, bóyá òǹkọ̀wé ni kò jáde. Tó bá jẹ́ lékeléke nìkan lẹ kọ, "rárá" ni kẹ́ ẹ dáhùn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ti sọ pé kò sí àwòdì, kò sí ẹ̀gà.

Ẹ gba àkójọ ẹyẹ Nàìjíríà sórí fóònù nílé. Lẹ́yìn náà ẹ lè kọ ọ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ẹ yan Stationary tẹ́ ẹ bá dúró sójú kan, Traveling tẹ́ ẹ bá ń rìn. GPS rẹ̀, tó ń tọpa ibi tẹ́ ẹ wà, ń jẹ bátìrì, àléébù gidi nìyẹn. Ẹ ka iye ẹyẹ, ẹ má kàn fi X (ìyẹn ni pé ẹ rí i, ṣùgbọ́n ẹ ò kà á) síbẹ̀.

Lékeléke rọrùn: Western Cattle Egret lẹ máa wá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló ń dojú rú, torí irú rẹ̀ méjì kan jọra. Barn Swallow ń ti Yúróòpù wá, ọ̀fun rẹ̀ pupa, ìgbànú dúdú tó fẹ̀ sì wà láyà rẹ̀. Red-chested Swallow kì í lọ sí Yúróòpù ní tiẹ̀. Ìgbànú rẹ̀ tín-ín-rín, pupa ọ̀fun rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ jù. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú ti ba ọjọ́ ìdé jẹ́.

Ìwé àtijọ́ tó ní ọjọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní aago náà wúlò: ẹ yan Historical lórí ìkànnì wọn.

Tí ẹyẹ bá dé lásìkò tí wọn kò retí rẹ̀, eBird á béèrè àlàyé. Ẹ má torí ìyẹn pa á rẹ́, torí ìdé àìròtẹ́lẹ̀ gan-an là ń wá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ àwọ̀ ọ̀fun, àyà àti ìrù rẹ̀ síbẹ̀.